Ìlù Ọmọbìnrin Tó Ń Tẹ̀lé Alágbára

Ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Ítálì ní ọdún 1954, ọkùnrin sígbọnlẹ̀ kan gbé ìlù kọ́ ọmọbìnrin kan lọ́rùn ní ẹ̀bá ọ̀nà, ó ní kí ó lù ú, kí ó sì kígbe pé, “Zampanò ti dé!” Ọmọ náà lù ú, ó sì kígbe, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń ṣe eré òṣùpá ni ó ṣe kígbe. Ọkùnrin náà dìde, ó lọ já pàṣán nínú igbó, ó padà wá, ó sì fi nà án lẹ́sẹ̀. Ó ní kí ó tún un wí. Ó tún un wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára pàṣán náà mọ́.

Fíìmù yìí ń jẹ́ La strada, èyí tó túmọ̀ sí Ojú Ọ̀nà. Federico Fellini ló darí rẹ̀, ìyàwó rẹ̀, Giulietta Masina, ló sì ṣe Gelsomina, ọmọbìnrin tí wọ́n gbé ìlù kọ́ lọ́rùn. Anthony Quinn, tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, ló ṣe Zampanò, alágbára tó ń fi igbá-àyà já ẹ̀wọ̀n irin ní gbàgede láti ìlú dé ìlú. Fíìmù náà kò sọ iye ọdún Gelsomina. Masina fúnra rẹ̀ ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tí wọ́n yà á, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì di obìnrin ni à ń rí lójú rẹ̀: irun kúkurú, ojú ribiti, ẹ̀rín tó máa ń yọ díẹ̀ kí ẹ̀rù tó lé e padà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ń sọ nípa fíìmù yìí, ìwà ìkà Zampanò ni wọ́n máa ń tẹnu mọ́. Ẹjọ́ wọn kò burú, ṣùgbọ́n n kò lè wò ó bẹ́ẹ̀, nítorí pé nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo wà lára àwọn tó pagbo yí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ká, mo sì ṣe ohun kan sí i tí n kò tíì gbàgbé. Mo ń bọ̀ wá sórí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí Gelsomina ṣe dé ọwọ́ ọkùnrin yìí. Opó ni ìyá rẹ̀, etí òkun ni wọ́n ń gbé, àwọn ọmọ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ítálì ìgbà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde kúrò nínú ìparun ogun tó parí ní ọdún 1945. Rosa, ọmọ ìyá Gelsomina, ni Zampanò kọ́kọ́ mú lọ. Rosa kú sí àjò. Zampanò padà wá, ó fi ikú náà tó ìyá létí ní ṣókí, ó sì ka 10,000 lírà sí i lọ́wọ́ kí ó lè mú èyí tó kàn lọ. Bí wọ́n ti ń ṣẹ́ owó nígbà náà, kò ju nǹkan bí dọ́là Amẹ́ríkà 16 lọ. Ìyá náà ń sunkún, ó ń fi owó náà han ọmọ, ó ń sọ pé ẹnu kan yóò dín kù nínú àwọn tí òun ń bọ́, ó sì ń sọ pé Gelsomina yóò kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá yìí. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ń dà jáde lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òótọ́ sì ni gbogbo wọn. Fellini kò dá a lẹ́bi, kò sì dá a láre. Àwọn àgbà wa tó bá rí i yóò rántí ìwọ̀fà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà sàn díẹ̀ jù ú lọ, nítorí pé ẹni tó fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà mọ̀ pé iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe ló dúró fún èlé, àti pé lọ́jọ́ tí òun bá kó owó olówó dé, ọmọ òun yóò padà wálé. Kò sí ẹni tó sọ fún ìyá Gelsomina pé ó lè dá 10,000 lírà náà padà.

Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n kan ilé kékeré mọ́ lẹ́yìn ni wọ́n ń gbé kiri. Ẹni tó bá mọ kẹ̀kẹ́ Márúwá yóò mọ bí ó ṣe rí, àfi pé ẹ̀yìn eléyìí ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ń kó àkẹtẹ̀, bàtà àti aṣọ eré sí. Eré tí Zampanò gbójú lé jù kò ju ẹyọ kan lọ. Yóò wé ẹ̀wọ̀n mọ́ àyà, yóò fi ìkọ́ so ó, yóò kìlọ̀ fún àwọn tí àyà wọn kò gbà á pé kí wọ́n gbé ojú sá, lẹ́yìn náà ni yóò mí sínú títí ìkọ́ náà yóò fi já. Níbi gbogbo tí wọ́n bá dé, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ń sọ, bí ẹni tó ń ka ìwé. Gelsomina ni yóò lu ìlù, òun náà ni yóò sì gbé fìlà yí agbo ká láti gba owó. Nígbà tí fìlà náà bá dé ọ̀dọ̀ ẹni kan, ẹni náà yóò wo inú fìlà, yóò wo ìka ara rẹ̀, yóò sì wo ẹlòmíràn. Wọn kì í sábà wo ojú ẹni tó gbé fìlà.

Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, onídán a máa wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yóò kéde rẹ̀ níbi ìtò àárọ̀ pé kí oníkálukú mú owó wá lọ́la, ẹni tí kò bá rí owó mú wá yóò dúró sí kíláàsì. Èyí tí mò ń sọ yìí wá ní ọjọ́ Ẹtì kan pẹ̀lú àpótí pupa àti ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ. Bàtà àgbà ni ọmọ náà wọ̀, ó fi àkísà há iwájú rẹ̀ kí ó má baà máa yọ. Òun ló lu ìlù pè wá jáde. Onídán tì í mọ́ inú àpótí, ó fi idà gún àpótí náà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, a kígbe, ó ṣí i, ọmọ náà jáde pẹ̀lú òógùn lójú, ó gbé ìlù rẹ̀, ó sì tún ń lù ú lọ. Nígbà tí eré parí, onídán wọ ọ́fíìsì lọ gba owó rẹ̀, ọmọ náà sì jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi máńgòrò. Àwa bí ogún sún mọ́ ọn. À ń jiyàn láàárín ara wa bóyá ènìyàn ni tàbí iwin tí onídán fi oògùn mú, nítorí pé báwo ni ènìyàn yóò ṣe gba idà sára tí kò ní kú? Èmi ni mo na ọwọ́. Mo já a léèékánná ní apá, mo já a dáadáa. Kò sunkún, kò sì bú mi. Ó wo ojú mi, ó ní, “Ó dùn mí.” Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì sá lọ.

Ìdí nìyí tí ibì kan nínú fíìmù yìí fi ṣòro fún mi láti wò. Zampanò àti Gelsomina lọ ṣeré níbi àsè ìgbéyàwó kan ní abúlé. Bí àsè ti ń lọ lọ́wọ́, àwọn ọmọdé fa Gelsomina wọ inú ilé, wọ́n mú un gun àtẹ̀gùn, wọ́n mú un gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, títí wọ́n fi dé yàrá ńlá kan tó ṣókùnkùn. Ọmọkùnrin aláìsàn kan tó ń jẹ́ Osvaldo ló wà lórí ibùsùn níbẹ̀, wọ́n fi í pamọ́ kí àlejò má rí i. Àwọn ọmọ náà fẹ́ kí Gelsomina pa á lẹ́rìn-ín, àbí kí ni iṣẹ́ eléré? Ó ju apá sókè sódò, ó ṣe bí ẹyẹ, Osvaldo kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń wò ó ni. Gelsomina bá dáwọ́ eré dúró. Ó sún mọ́ ibùsùn, ó tẹ ọrùn síwájú, ó sì la ojú sílẹ̀ kedere, bí ẹni tó pàdé ẹni tó ti ń gbúròó rẹ̀ tipẹ́. Kò pẹ́ tí obìnrin kan fi wọlé, tó sì lé gbogbo wọn jáde.

Nínú gbogbo fíìmù náà, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ẹni tí ayé ń wò ti di ẹni tó ń wò. Èdè wa mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí á wo nǹkan àti kí á rí i. A lè wo ènìyàn láti àárọ̀ di alẹ́ kí á má rí i. Àwọn ọmọ tó mú Gelsomina gòkè, ìran ni wọ́n wá wò, bí èmi náà ti ṣe lábẹ́ igi máńgòrò. Gelsomina rí Osvaldo. Kò ní ọ̀rọ̀ tó lè fi ṣàlàyé ohun tó rí, nígbà tó sì sọ̀kalẹ̀ tó fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún Zampanò, opó kan tó fẹ́ fún un ní aṣọ tí ọkọ rẹ̀ tó kú fi sílẹ̀ ni Zampanò gbájú mọ́. Ó bá opó náà wọlé lọ. Ọ̀rọ̀ Osvaldo kú sí Gelsomina lẹ́nu, fíìmù náà kò sì tún dárúkọ ọmọ náà mọ́.

Àwọn eléré ojú ọ̀nà jẹ́ àjèjì sí ará ìlú níbi gbogbo, èyí kò sì ṣàjèjì sí wa. “Alárìnjó” jẹ́ èébú lẹ́nu àwọn baba wa kí àwọn onímọ̀ tó sọ ọ́ di orúkọ tí a fi ń bu iyì fún eré ìbílẹ̀, nígbà tí Hubert Ogunde sì dá ẹgbẹ́ eré tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1945, ọ̀pọ̀ òbí kò fẹ́ gbọ́ rárá pé ọmọ wọn obìnrin yóò bá eléré lọ. Ṣùgbọ́n àwọn alárìnjó ní ara wọn. Wọ́n ní ìdílé, wọ́n ní oríkì, ọmọ wọn ń bá wọn jó láti kékeré, ẹni tó bá bú ọ̀kan ti bú gbogbo agbo. Gelsomina kò ní irú agbo bẹ́ẹ̀. Àjèjì ni lójú àwọn tó ń wò ó, àjèjì náà ni lójú ẹni tí wọ́n jọ ń jẹ nínú ìkòkò kan.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Zampanò bá obìnrin mìíràn lọ, ó sì fi í sílẹ̀ sí ẹ̀bá títì. Ibẹ̀ ni ó jókòó di àárọ̀. Lóru náà, ẹṣin kan dá kọjá níwájú rẹ̀, kò sí ẹni tó gùn ún, kò sí ẹni tó dà á, ìró pátákò rẹ̀ nìkan ló ń dún lórí títì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n júwe ibi tí Zampanò wà fún un, ó sì lọ bá a níbi tó sùn sí nínú pápá ní ìpẹ̀kun ìlú. Bí ó ti ń dúró kí ó jí, ó rí èso tòmátì, ó sì gbìn ín sílẹ̀. Nígbà tí Zampanò jí, ohun tó fi ayọ̀ sọ fún un ni pé òun ti gbin tòmátì. Wọ́n ń gbéra lọ ni. Tòmátì kì í so láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ẹni tó bá gbìn ín ní láti wà níbẹ̀ bomi rin ín, kí ó kì í lọ́pàá, kí ó lé ẹyẹ. Mo máa ń dá fíìmù náà dúró níbẹ̀ nígbà mìíràn, kí n lè wo ilẹ̀ tó gbìn ín sí díẹ̀ sí i kí alùpùpù náà tó dún.

Ẹni tó kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ pé ni ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n ń pè ní Il Matto, ìyẹn Wèrè ní èdè tiwa. Richard Basehart, ọmọ Amẹ́ríkà, ló ṣe é. (Ohùn àwọn òṣèré Ítálì mìíràn ni à ń gbọ́ lẹ́nu òun àti Quinn, ohun tó wọ́pọ̀ nínú fíìmù Ítálì ìgbà náà.) Orí okùn tí wọ́n ta ga sókè ni Wèrè ti ń ṣeré, ó tilẹ̀ ń jẹun níbẹ̀, orí okùn náà sì ni Gelsomina ti kọ́kọ́ rí i, tó gbé orí sókè tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Wọ́n tún pàdé ní àgọ́ eré kan ní Róòmù. Gelsomina ti bẹ Zampanò pé kí ó kọ́ òun ní fèrè, ṣùgbọ́n Zampanò kò kà á sí. Wèrè kọ́ ọ. Láàárín ìgbà díẹ̀, ọmọ tí wọ́n fi pàṣán kọ́ ní ìlù ti ń fun fèrè. Nígbà tí Zampanò rí i, ó ní kò sí ẹni tí yóò bá ọmọ òun ṣiṣẹ́. Ìjà dé, Zampanò yọ ọ̀bẹ, ọlọ́pàá sì mú un lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìjà náà, Gelsomina sọ fún Wèrè pé òun kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, ayé ti sú òun. Wèrè ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kan nílẹ̀. Ó ní gbogbo ohun tó wà láyé ló ní ohun tí ó wà fún, òkúta yìí pẹ̀lú. Kí wá ni ó wà fún? Ó ní òun kò mọ̀, ẹni tó bá mọ̀ ìyẹn yóò ti di Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bí òkúta yìí kò bá wúlò, a jẹ́ pé kò sí ohun tó wúlò mọ́, àti ìràwọ̀ pàápàá. Gelsomina gba òkúta náà, ó wò ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí, ẹ̀rín sì ń tàn kálẹ̀ lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. N kò mọ òṣèré mìíràn tó lè fi ojú nìkan ṣe ohun tí Masina ṣe pẹ̀lú òkúta yẹn. Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́.

Síbẹ̀, èmi àti fíìmù náà kò fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tó tẹ̀ lé e. Wèrè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé bí òun Gelsomina kò bá dúró ti Zampanò, ta ni yóò dúró tì í? Ọmọ náà gba ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ti òkúta, ó sì di ẹrù rẹ̀. Àwọn ará àgọ́ eré ní kí ó máa bá àwọn lọ, kò lọ. Nígbà tí ọlọ́pàá tú Zampanò sílẹ̀, tí òun àti Gelsomina sì sùn sí ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn Kátólíìkì, ọ̀kan nínú wọn tó kéré lọ́jọ́ orí sọ fún un pé àwọn náà kì í pẹ́ lójú kan, pé lẹ́yìn ọdún méjì-méjì ni àwọn ń ṣí ibùdó kí ọkàn àwọn má baà so mọ́ ohun ayé, ó sì fi àyè lọ̀ ọ́ bí ó bá fẹ́ dúró. Kò dúró. Lójú tèmi, ẹni tó sọ fún ọmọ tí wọ́n ń lù pé ìwúlò rẹ̀ ni kí ó máa tẹ̀ lé ẹni tó ń lù ú ti já ohun tó fún un gbà padà. Òkúta wúlò níbikíbi tí a bá gbé e sí. Mo ti gbọ́ irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà tí wọ́n fẹ́ràn ọmọ, tí wọ́n sì fi omijé gbà á nímọ̀ràn, n kò sì gbà á lẹ́nu wọn náà.

Ní òru tí wọ́n sùn sí ibẹ̀, Gelsomina béèrè lọ́wọ́ Zampanò ìdí tí ó fi mú òun dání, òun tí kò rẹwà, tí kò sì mọ oúnjẹ sè. Ó tún béèrè bóyá yóò dun Zampanò bí òun bá kú. Zampanò ní kí ó sùn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Zampanò pa Wèrè. Kò gbèrò láti pa á. Ó bá a ní ẹ̀bá ọ̀nà níbi tó ti ń tún táyà ọkọ̀ rẹ̀ ṣe, ó lù ú, orí ọmọkùnrin náà gbá mọ́ ọkọ̀, ó dìde, ó ráhùn pé Zampanò ti fọ́ aago ọwọ́ òun, lẹ́yìn náà ni ó ṣubú lulẹ̀ tí kò dìde mọ́. Láti ọjọ́ náà, ọkàn Gelsomina dà rú. Kò lè lu ìlù mọ́. Nígbà tí ó bá yẹ kí ó kéde pé Zampanò ti dé, ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé ara Wèrè kò yá. Zampanò mú un kiri fún ọjọ́ mélòó kan láàárín yìnyín, ìgbà tí kò mọ ohun tí yóò ṣe mọ́, ó dúró kí ó sùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àlàpà kan tí oòrùn mú, ó fi aṣọ bò ó, ó fi owó díẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti fẹ́ máa lọ kí ó tó rántí fèrè. Ó gbé e sílẹ̀ tì í, ó sì lọ.

Ní Fẹ́nísì, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi fíìmù yìí hàn ní ọdún 1954, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Fàdákà, ní ọdún 1957 ó sì gba ẹ̀bùn Oscar ti fíìmù èdè ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn alárìíwísí kan ní Ítálì, pàápàá àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òṣèlú apá òsì, bínú sí i. Wọ́n ní Fellini ti pa ọ̀rọ̀ àwọn tálákà tì, ó ti sọ ìyà wọn di àlá. Mo bọ̀wọ̀ fún ìbínú wọn, ṣùgbọ́n mo rò pé wọn kò ka owó tó wà lọ́wọ́ ìyá yẹn dáadáa.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sunkún ní ìparí, níbi tí Zampanò ti mutí yó, tó ṣubú sórí iyanrìn etí òkun lóru tó sì ń sunkún. Omijé tèmi kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ibi tó ṣáájú rẹ̀ ni ó máa ń bọ́. Ọdún ti gorí ọdún, Zampanò ti ń bá àgọ́ eré mìíràn kiri, obìnrin mìíràn ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń rìn kiri ìlú kan létí òkun, ó sì gbọ́ tí obìnrin kan tó ń sá aṣọ ń kùn orin tí Gelsomina máa ń fi fèrè fun, orin tí Nino Rota ṣe. Ó béèrè ibi tó ti mọ̀ ọ́n. Obìnrin náà ní ọmọbìnrin kan tí bàbá òun rí létí òkun ni ó máa ń fun ún, ọmọ tó ń ṣàìsàn, tí kì í sọ̀rọ̀, tó jẹ́ pé bí ara rẹ̀ bá yá díẹ̀ yóò jókòó sínú oòrùn, yóò sì fun fèrè. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kò jí mọ́. Obìnrin náà sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ aládùúgbò, láìdáwọ́ iṣẹ́ dúró, láàárín aṣọ funfun tí atẹ́gùn ń fẹ́.

N kò mọ orúkọ ọmọbìnrin onídán, n kò sì bi í. Onídán náà kò tún wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa mọ́ títí mo fi jáde. Ṣùgbọ́n ìlù tó lù lọ́jọ́ náà kò kúrò lórí mi: méjì kíákíá, ẹyọ kan tó falẹ̀, méjì kíákíá, ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀. Mo fi ìka lù ú sórí tábìlì nígbà tí mò ń kọ èyí.